Ẹ̀rọ tí Ó Dá Ohùn Bàbá Àgbà Padà

“Sọ fún un kó má fọwọ́ kàn án,” ni bàbá àgbà mi wí sí mi létí.

Mo bá lọgun rẹ̀ jáde: “Bàbá ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ó gbóná!”

Dírẹ́bà tó ń gbé nínú ilé wa fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí ejò fẹ́ bù ṣán. Irin tí bàbá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná èédú ló wà lórí bíríkì níwájú wa, ẹnu rẹ̀ pọ́n yòò. Bàbá àgbà gbé irin náà, ó tì í bọ inú oje igi tó wà nínú ìdérí agolo, èéfín funfun sì sọ. Òórùn rẹ̀ dùn, ó sì ń ta ni nímú. Ó wá fi irin náà kan òjé tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀. Òjé yọ́ bí òrí tí oòrùn pa, ó ṣàn yí ẹnu wáyà méjì ká, ó ń dán. Bàbá àgbà fẹ́ atẹ́gùn sí i. Èmi náà fẹ́. Nígbà tó fà á wò tí kò já, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ọwọ́ sí wáyà mìíràn.

Èmi ni ẹnu bàbá àgbà mi nígbà náà, n kò ṣàwàdà. Àìsàn kan ló mú un lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi abẹ là á, ó sì padà wálé láàyè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a padà. Ohun tó ṣẹ́ kù fún un kò ju èémí lásán lọ, tí ó ń fi ètè gé sí wẹ́wẹ́. Bí o bá sún mọ́ ọn títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi kàn ọ́ létí, wàá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kedere. Bí o bá sún sẹ́yìn díẹ̀, ó parí. Nítorí náà, bí àlejò bá dé, tàbí bí a bá ń ra ẹja létí odò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, etí mi lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹnu mi lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn. Mo máa ń bá a nájà, mo máa ń bá a kí olóyè, mo tilẹ̀ ti bá a bá àwọn àgbàlagbà wí rí, èmi ọmọdébìnrin tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà.

Ilé wa kò jìnnà sí Odò Ọya, ní àdúgbò tí gbogbo ayé ń pè ní Old Market lónìí. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, a máa ń gbọ́ tí àwọn ẹlẹ́ja ń fi Nupe pe ara wọn láti inú ọkọ̀, tí àwọn obìnrin Ígálà ń ná iṣu, tí ẹlòmíràn ń fi Haúsá búra. Àwọn tiwa, àwọn ará Ọ̀kun tó wá ṣiṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, a wà láàárín wọn. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni bàbá àgbà ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ni ó ń fa wáyà iná sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wáyà ni ìlú fi mọ̀ ọ́n. Orin ni.

Nínú ìjọ wa nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀wé kà. Ẹnì kan ní láti máa pe ìlà orin kọ̀ọ̀kan síta, kí ìjọ tó gbé e. Bàbá àgbà ni ó ń pè é. Ìyá àgbà máa ń sọ fún mi pé bí ó bá pe orin láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, àwọn apẹja tí kì í ṣe onígbàgbọ́ rárá á fi àjẹ̀ lélẹ̀ lórí omi láti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn àìsàn yẹn, àwọn alàgbà ìjọ wá sílé wa. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, kò sí ìkà nínú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ ti ṣe tiyín,” ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn wí. “Ẹ jókòó kẹ́ ẹ sinmi. Tíṣà ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn á máa pe orin fún wa.”

Wọ́n wò mí, wọ́n ń retí èsì. Mo gbé etí sún mọ́ bàbá àgbà. Mo dúró, mo dúró. Ìwé orin rẹ̀ ni ó nà sí wọn. Láti ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni ó ń jókòó sí. Bí Tíṣà bá ti ń pe orin, ètè bàbá àgbà á máa mì, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ohun tó jí i ni ọkọ̀ ìjọba kan tó wá sí pápá Paparanda láti kéde ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Orí ọkọ̀ náà ni wọ́n so páànù kan mọ́, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí òdòdó, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ọkùnrin kan jókòó sínú ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń gba inú páànù náà bú gbàmù láti etí odò títí dé ìsàlẹ̀ òkè Pàtì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ń sá tẹ̀ lé ọkọ̀. Bàbá àgbà kò wo ọkọ̀, ọkùnrin yẹn ló ń wò, ó ń wo bí ètè rẹ̀ ṣe rọra ń mì. Ó fà mí mọ́ra.

“Ṣé o rí i?” ni ó wí. “Kò pariwo. Kò pariwo rárá.”

Nígbà tí a ń padà sílé, ìrìn rẹ̀ yára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sáré tẹ̀ lé e.

Ìyá àgbà ń hun aṣọ nígbà tí mo ròyìn fún un pé bàbá àgbà fẹ́ ṣe irú ẹ̀rọ tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ọmọ Bùnú ni ìyá àgbà, òfì rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ga jù mí lọ. Kò dáwọ́ dúró.

“Ohùn tí Ọlọ́run mú lọ, ẹ fẹ́ fi wáyà wá a kiri?” ni ó wí.

Bàbá àgbà sọ sí mi létí. Mo bú sẹ́rìn-ín kí n tó lè sọ ọ́ jáde: “Bàbá ní Ọlọ́run kò mú un lọ. Ó kàn dín in kù ni. Àwọn á bá a fẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ máa ṣeré yín lọ,” ni ìyá àgbà wí, ó sì gbá òwú sísàlẹ̀ lórí òfì, gbà!

Dírẹ́bà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ Nupe ni, ayálégbé wa sì ni. Ó ń wa lọ́ọ̀rì lọ sí ọ̀nà Kàbà. Rédíò ọkọ̀ rẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́, ó sì gbé e wá fún bàbá àgbà.

“Baba, e don die finish,” ni ó wí, ó ń mi orí.

“Sọ fún un pé kò kú,” ni bàbá àgbà wí. “Ó sùn ni.”

Nínú rédíò yẹn ni ó ti yọ àwọn gílóòbù kéékèèké tó dà bí ìgò òróró ìpara, àti àpótí irin kan tí ó ń sọ iná bátìrì di alágbára, tí ó máa ń kùn bí oyin bí iná bátìrì bá ti wọ inú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ létí odò bá a wá páànù ẹlẹ́nu gbòòrò kan láti inú ọkọ̀ ojú omi tí kò lọ mọ́, pẹ̀lú ẹnu tẹlifóònù tó bàjẹ́, pé kí ó máa fi sọ̀rọ̀. Agolo bisikíìtì ńlá ni ó fi ṣe ara ẹ̀rọ. Ó fi ìṣó lu ihò sí i, ó fi rasípù, irin tí a fi ń ha nǹkan, dán etí ihò náà, ó sì to àwọn gílóòbù síbẹ̀ bí ẹni ń gbin alùbọ́sà. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti jẹ ẹ̀kọ tán, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ìró ìṣó, òórùn oje igi, èédú tó ń ta pàrà, àti ìyá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń gbá òwú rẹ̀, gbà, gbà, bí ẹni tí kò rí wa.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, gílóòbù tàn, inú wọn pọ́n bí ẹyin ojú ológbò. Bàbá àgbà sọ̀rọ̀ sínú ẹnu tẹlifóònù. Páànù dákẹ́. Ó tún sọ. Òórùn burúkú kan wá bo òórùn oje igi mọ́lẹ̀, èéfín dúdú sì ń jáde lábẹ́ agolo. Dírẹ́bà já wáyà kúrò lórí bátìrì, ó ń fi Haúsá pe Ọlọ́run. Ìdì wáyà tó yẹ kó gbé agbára láti inú gílóòbù lọ sí páànù ti jóná. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí, ó yí irin kan ká ní ìpele-ìpele. Ibi tí wọ́n ti máa rí òmíràn rà, Èkó ni, kò sì sí ẹni tí a mọ̀ ní Èkó.

Bàbá àgbà ní òun á tún un wé. Ó rí wáyà tuntun gbà, ó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti ìgbà àìsàn. Wáyà gun ara wọn, ó já. Ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún já. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé irin náà kalẹ̀ lórí ẹní, ó sì kọjú sí ògiri. N kò tíì rí i kí ó kọjú sí ògiri rí. Mo gbé etí sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn.

Gbígbá òfì dáwọ́ dúró. Ìyá àgbà dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó wá jókòó lórí ẹní wa.

“Gbé e wá,” ni ó wí.

Ó mú wáyà, ó fi ìka méjì fà á wò bí ó ṣe máa ń fa òwú wò lọ́jà. “Ṣé kí ó sùn ti ara wọn ni ẹ fẹ́, láìsí àlàfo, láìgun ara wọn?”

Bàbá àgbà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí ló dé tí ẹ kò ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí? Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí ìyá àgbà mi, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ọwọ́ rẹ̀ fún yín. Kò wo wáyà náà pàápàá, ìka rẹ̀ ló ń rí i. Wáyà ń sùn ti wáyà, ó ń dán bí ìbú aṣọ tuntun. Bí ìpele kan bá parí, bàbá àgbà á na pépà tí ó ti fi ìda oyin pa, ìyá àgbà á bò ó, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bàbá àgbà ń ka iye ìgbà tí ó yí i, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yá, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ahunṣọ lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì jọ jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan ń kọrin, ẹnì kejì ń kà, wáyà wà láàárín wọn.

Nígbà tí a tún dán an wò, mo di ọwọ́ dírẹ́bà mú. Iná wọlé, àpótí irin ń kùn. Bàbá àgbà gbé ẹnu tẹlifóònù sún mọ́ ètè rẹ̀. Igbe kan jáde láti inú páànù, igbe gooro tó gun etí bí abẹ́rẹ́. Ewúrẹ́ ìyá àgbà já okùn, ó fò kọjá ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn adìẹ fọ́n ká. Aládùúgbò wa kan sá jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Bàbá àgbà nìkan ni ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sún mọ́ra.

“Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ni,” ni ó wí. “Gbé páànù jìnnà sí wa.”

A gbé páànù lọ sí ẹ̀yìn ilé, a kọ ẹnu rẹ̀ sí odò. Ìyá àgbà tẹ̀ lé páànù lọ láti mú ewúrẹ́ rẹ̀. Bàbá àgbà tún gbé ẹnu tẹlifóònù sẹ́nu. Mo rí ètè rẹ̀ tó mì. Láti ẹ̀yìn ilé ni a ti gbọ́ ohùn ọkùnrin kan, ó há díẹ̀, ó ní iyanrìn nínú, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin ni, ó kún, ó ń pe ìyá àgbà mi ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà tó wà ní wúńdíá. N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Ìyá àgbà wá láti ẹ̀yìn ilé, kò mú ewúrẹ́ kankan bọ̀. Ó dúró síwájú ọkọ rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ tún un pè,” ni ó wí.

Tíṣà ọ̀dọ́mọkùnrin ni àlejò àkọ́kọ́ tó dé. Ó ti gbọ́ ohùn náà láti ojú ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó wo ẹ̀rọ náà yí ká, ó wá sọ ohun tó gbé wá.

“Bàbá, gbogbo ìjọ ìlú yìí fẹ́ jọ kọrin ìdúpẹ́ ní Paparanda. Èmi ni wọ́n ní kí n pe orin. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ ni n kò ti lè jẹun dáadáa. Ohùn mi kò lè dé ìdajì pápá yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é.”

Àwọn alàgbà kò fẹ́. Wọ́n tún wá, wọ́n jókòó, wọ́n ní bí ẹ̀rọ agolo yìí bá dákẹ́ lójú gbogbo ìlú ńkọ́? Lójú àwọn ìjọ yòókù, lójú àwọn ìmàle tó máa wá wòran? Ẹ̀sín ìjọ wa nìyẹn, ẹ̀sín bàbá àgbà fúnra rẹ̀ sì ni. Mo gbé etí sílẹ̀, mo sì sọ èsì rẹ̀ fún wọn bí ó ṣe sọ ọ́: “Bàbá ní àwọn ti dákẹ́ lójú ìlú láti ọdún tó kọjá. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ó bá àwọn nínú ìdákẹ́ ni.”

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ náà, pápá Paparanda kún dẹ́nu. Ọyẹ́ ń fẹ́ láti orí odò, ó ń gbá eruku funfun sí àwọn ènìyàn lójú. Dírẹ́bà yọ bátìrì lọ́ọ̀rì rẹ̀, ó rù ú lórí wá, Tíṣà sì so páànù mọ́ orí ọ̀pá oparun. Bàbá àgbà wọ agbádá tí ìyá àgbà hun. Ó jókòó sídìí tábìlì kékeré, ẹ̀rọ agolo wà níwájú rẹ̀, àwòrán bisikíìtì ṣì wà lára rẹ̀ kedere. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí a fún un níná. Gílóòbù tàn. Ó gbé ẹnu tẹlifóònù, ó sọ̀rọ̀. Kò sí nǹkan kan. Ọyẹ́ nìkan ló ń fẹ́. Ẹ̀rín pọ̀ sí i. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn alàgbà wo ilẹ̀. Mo sún mọ́ bàbá àgbà, mo ti múra láti ké ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde bí ó ti wù kó rí.

“Kò kùn,” ni ó wí sí mi létí, ojú rẹ̀ kò yí padà. “Ṣé o gbọ́? Àpótí irin kò kùn.”

Lóòótọ́ ni. Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó kan àpótí náà, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́. Kò jí. Ó tún kàn án, ó le díẹ̀. Oyin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú àpótí.

Nígbà náà ni ohùn bàbá àgbà mi jáde sórí Paparanda, ó ń kí ìlú bí àwa ará Ọ̀kun ṣe ń kí ara wa: “Ọ̀kun o!”

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gbé orí sókè. Lẹ́yìn náà, láti apá ọ̀tún, láti apá òsì, láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún níbi tí àwọn Yàgbà àti àwọn Ìjùmú dúró sí, wọ́n dáhùn bí ààrá: “Ọ̀kun!” Ó fi Haúsá kí àwọn tó ń gbọ́ Haúsá. Ó fi Nupe kí àwọn ẹlẹ́ja, wọ́n sì hó yèè. Ó wá pe ìlà orin àkọ́kọ́. N kò lè ṣàpèjúwe bí ó ṣe rí nígbà tí gbogbo ìlú gbé e. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó pe ìkejì, wọ́n gbé e. Tíṣà ń kọrin, ó ń sunkún. Dírẹ́bà, tí kò mọ orin náà, ń jó yí bátìrì rẹ̀ ká bí ẹni tó bí ọmọ tuntun. Ìyá àgbà dúró ṣánṣán láàárín àwọn obìnrin, ó ń nawọ́ sí ẹ̀rọ náà, ó ń ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wáyà ni.

Nígbà tí orin parí, bàbá àgbà na ẹnu tẹlifóònù sí mi. Mo gbé etí sún mọ́ ọn kí n lè mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Ó mi orí.

“Tìrẹ ni kó o sọ,” ni ó wí. “Kì í ṣe tèmi.”

Mo gbà á. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ lójú àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni gbogbo rẹ̀. N kò mọ ibi tí tèmi wà. Ojú gbogbo ìlú wà lára mi. Nígbà tó yá, mo rí i.

“Bàbá àgbà mi ló ṣe é,” ni mo wí, ohùn mi sì bú lu òkè. “Ìyá àgbà mi ló hun ún!”

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, bí mo bá pa ojú dé báyìí, mo lè gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá àgbà fi pe orin lẹ́yìn ìgbà náà, títí àwọn gílóòbù fi kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí kò sì sí irú wọn lọ́jà mọ́. Òun náà lọ, ìyá àgbà tẹ̀ lé e. N kò mọ ibi tí ẹ̀rọ náà wọlẹ̀ sí, n kò sì wá a kiri.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo jókòó ní kóòtù, mo sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá di Haúsá, mo sọ Haúsá di Gẹ̀ẹ́sì, mo ru ẹjọ́ olówó àti ẹjọ́ tálákà láìbù nínú rẹ̀, láìfi kún un. Wọ́n yìn mí fún un, ìyìn náà sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá ti ru ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí mo délé, tí mo bọ́ bàtà, mo máa ń jókòó kí n bi ara mi pé: tèmi ńkọ́? Kì í yára dé nígbà mìíràn. Mo máa ń dúró dè é. Nígbà tó bá dé, mo máa ń sọ ọ́ sókè, kódà bí kò bá sí ẹnì kankan nínú yàrá.